Kí Ni Àjèjì Máa Fi Sílẹ̀?

Sátidé kan ni àwọn ọmọkùnrin méjì gun òrùlé mi ní Challenge, tí wọ́n ń kan irin tí páńẹ́ẹ̀lì sólà máa jókòó lé. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ gbì, gbì, gbì lókè orí mi, àyà mi sì ń já, torí páànù yẹn dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń gbé Àgbowó, fọwọ́ nu ẹnu, ó ní: "Bàbá, àwọn kọ́ńpìnnì òkè òkun ń bọ̀ o. Sólà, mọ́tò oníná, gbogbo ohun tó máa tún àyíká wa ṣe, àwọn ló máa gbé e wá. Kí àwa ṣáà ti múra de iṣẹ́ wọn."

Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bà ló wà níwájú ọmọ, iṣẹ́ ṣì wà lókè, kì í ṣe ìgbà tí à ń bá ọmọ jiyàn nìyẹn. Èsì ọ̀hún ni mo wá jókòó kọ yìí, fún òun àti gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń retí àlejò.

Àwọn bàbá wa máa ń ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì. Wọ́n fi ń yangàn ni, òótọ́ sì ni. Ẹ lọ dúró ní Dùgbẹ̀, kí ẹ gbójú sókè wo Cocoa House, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Owó àgbẹ̀ kòkó ló gbé e dúró, ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó àti ti àwọn ará Lẹ́bánónì la bá lágbègbè rẹ̀ nígbà èwe wa, a sì ń bá wọn ná an tẹ̀ríntẹ̀rín. Torí náà mi ò bá àjèjì jà. Àjèjì ló fún mi níṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi fẹ́ ìyàwó. Ohun tí mo ń rò ni pé ọgbọ́n tí kọ́ńpìnnì ń lò nílé rẹ̀ kó má bàa ba omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́, ṣé ó máa ń bá owó rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá síbí? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ó máa ń bá a wá. Àwọn kan ní ibi tí òfin ti dẹ̀ ni kọ́ńpìnnì ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ sá lọ. Èmi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni mo fi rí tèmi.

Kọ́ńpìnnì tí mo bá ṣiṣẹ́ kò sí mọ́ tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ò sì kàn yín. Lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń sẹ́ omi ìdọ̀tí kó tó dé gọ́tà ìta. Òkè òkun ló ti wá, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò nílé wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀gá pátápátá á wá bẹ̀ wá wò. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a ó kun òkúta ojú ọ̀nà ní funfun, a ó gé koríko, wọ́n á pín aṣọ iṣẹ́ tuntun fún wa, a ó sì tan ẹ̀rọ. Omi tó ń jáde á mọ́ gaara, débi pé máníjà á bù ú sínú ife gíláàsì, á gbé e sókè sí oòrùn kí àlejò lè rí i. Bí ọkọ̀ òfúrufú àlejò bá ti gbéra, a pa ẹ̀rọ. Iná tó ń jẹ pọ̀, kẹ́míkà rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, omi gọ́tà ti padà dúdú bí omi aró.

Ìyá kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́bàá gọ́tà yẹn. Láràárọ̀, kó tó bu omi rin ẹ̀fọ́, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá mọ́, á pariwo sí wa láti ìta ọgbà: "Àlejò yín ti dé, àbí?"

Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ayédèrú o, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó máa béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àlejò ni kò sí. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ tirẹ̀? Àwa náà mọ̀, owó oṣù ló di ẹnu wa. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, àmọ́ kí ni àgbà ń fi ọjọ́ ogbó ṣe bí kò bá lè sọ èyí tí òun náà ṣe tí kò dáa?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1988, torí ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó málítì bálì wọlé mọ́ mú àwọn tó ń pọn bíà. Òkè òkun ni bálì ti ń wá, òun sì ni ẹ̀rọ wọn mọ̀. Òfin ò yẹ̀. Ni wọ́n bá kọjú sí ọkà bàbà, ọkà tí wọ́n ti ń fi pọn ọtí nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Wọ́n tún ìmọ̀ wọn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ọ̀nà iṣẹ́ padà, bíà sì jáde. Ọdún kan náà yẹn ni àṣírí tú ní Kókó, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà lónìí. Ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ni wọ́n kó wá, nínú àgbá lóríṣiríṣi, tí wọ́n tò sí àgbàlá ẹnì kan tí wọ́n ń sanwó ilẹ̀ fún. Ìjọba àpapọ̀ ò tíì ní ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ṣọ́ àyíká nígbà náà. Ẹ̀yìn Kókó ni wọ́n sáré dá FEPA sílẹ̀, tí NESREA wá gba ipò rẹ̀ ní 2007.

Àjèjì wà nínú ọ̀rọ̀ bíà, àjèjì wà nínú ọ̀rọ̀ àgbá. Ti bíà, òfin ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ti Kókó, gbayawu la ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Àgbowó, inú Yunifásítì tí ẹ ń sọdá títì lọ yẹn ni wọ́n fi ibùdó àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà sí, àdéhùn 1989 tó ń ṣọ́ bí ìdọ̀tí olóró ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Mélòó nínú yín ló ti yà síbẹ̀ rí láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo?

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìjà nìkan ni mo rí. Nigerian Breweries, tí Heineken àti UAC jọ dá sílẹ̀ ní 1946, ti ń pọn bíà ní Ìbàdàn láti 1982. Ní 2021, wọ́n to sólà síbẹ̀, agbára rẹ̀ lé ní 600 kìlówáàtì. Kọ́ńpìnnì àjèjì mìíràn, CrossBoundary Energy, ló náwó sí i, òun ló ni páńẹ́ẹ̀lì. Ilé ọtí kàn ń san owó iná tó bá jáde ni, bí ìgbà tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ kànga. Èyí dùn mọ́ mi. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká màlúù lè máa ra wàrà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìfẹ́ igi àti ẹyẹ nìkan ló gbé e dé. Díẹ́sù wọ́n, iná ìjọba ò dúró lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni ọtí kì í dúró de NEPA. Ìnira tiwa náà ló bí i. Ẹ wo gbogbo Nàìjíríà: láàárín oṣù 12 tó parí ní Júùnù 2025, páńẹ́ẹ̀lì tí a rà láti Ṣáínà lé ní 1,700 mẹ́gáwáàtì. Kò sí ẹni tó wàásù fún wa. Bẹntiróòlù tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní 2023 ló wàásù.

Ẹ tún wá gbọ́ ti Ewékorò. 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sìmẹ́ńtì elérin tí àwa tí a kọ́lé sí Ring Road àti Challenge mọ̀ dáadáa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ bá wa dá a sílẹ̀. Ní 2001, Lafarge ará Faransé ra àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2015, Lafarge so pọ̀ mọ́ Holcim ará Switzerland. Ní 2025, ó bọ́ sọ́wọ́ Huaxin ará Ṣáínà. Ọ̀gá ń pààrọ̀, ihò èéfín àti àwọn ará abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Láàárín ìrìn àjò yìí, ọgbọ́n kan wọlé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èésan dáná pọ̀ mọ́ gáàsì kí sìmẹ́ńtì lè jinná.

Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rín pa mí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Èésan yìí náà ló ń kó síwájú ẹwìrì, àwa ọmọdé ló ń ṣa á wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa èkùrọ́. Ọgbọ́n tí ẹ ń dúró dè ní pápákọ̀ òfúrufú, ẹ̀yìn ilé ìyá yín ló ti jáde. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fún àjèjì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Ó mọ bí èésan ṣe ń gbóná tó, ó mọ ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀, ó mọ iye gáàsì tó fi dín kù. Bàbá bàbá mi mọ gbogbo rẹ̀ náà, ojú àti imú ló fi mọ̀ ọ́n, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ohun tí àjèjì gbé wá burú ju ohun tó bá nílẹ̀ lọ, tí a ó sì máa pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu mínírà nínú ike ò mọ owó ìgò. Tí wọ́n bá rán wa ní Kóòkì nígbà yẹn, òfìfo ìgò la máa gbé lọ. Bí o ò bá ní ìgò, ìyá oníṣọ́ọ̀bù á gba owó ìgò lọ́wọ́ rẹ, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn, kó tó jẹ́ kí o gbé e lọ. Ọjọ́ tí o bá dá a padà lo máa gba owó rẹ. Ìgò àtijọ́ a máa ní òrùka funfun méjì lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, níbi tó ti ń fara gbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kéréètì láti ọdún gbọọrọ. Mo rántí bí ọwọ́ mi ṣe máa ń wá òrùka yẹn kiri lára ìgò bí mo bá ń mu ún. Ìgò kan lọ, ó bọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, ó tún lọ. Ọmọdé kankan ò jẹ́ jù ú sí gọ́tà, torí owó ni.

Lẹ́yìn náà ni ike dé. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, kò sí ẹni tó máa gbà á padà. Ẹ lọ wo gọ́tà Dùgbẹ̀ lẹ́yìn òjò kan. Lóòótọ́, omíyalé Ògùnpa ti 31 Ọ́gọ́ọ̀sì 1980 ò dúró de ike kó tó gbé èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọjọ́ yẹn kì í fẹ́ rí ohunkóhun tó ń dí omi lọ́nà. Nígbà tó yá, àwọn kọ́ńpìnnì oúnjẹ àti ohun mímu kóra jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, FBRA, pé àwọn á máa kó ike àwọn padà. Ó dáa. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n tí ọmọdé kan bá bá mi sọ pé ọgbọ́n tuntun nìyẹn, màá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, owó ìgò ń kọ́?

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀, Bódìjà ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí kọ́ńpìnnì kankan níbẹ̀. Nígbà tí odò ẹran ṣì wà ní Bódìjà, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú màlúù ń ṣàn lọ bó ṣe wù ú, òórùn rẹ̀ sì ń kí èèyàn káàbọ̀ láti òkèèrè. Ọ̀mọ̀wé Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts: kí wọ́n da ìdọ̀tí náà sínú táńkì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kí gáàsì ìdáná jáde níbẹ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́kù di ajílẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó mọ táńkì ọ̀hún ṣe kiri títí wọ́n fi kan yunifásítì kan ní Thailand. Ní 2005, ètò yìí gba ẹ̀bùn SEED lágbàáyé. Ẹ wo bó ṣe lọ: onílé ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, onílé ló dìde wá egbòogi lọ sókèèrè. Ọjà Bódìjà yẹn náà ni wọ́n ti sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ Pacesetter.

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ńpìnnì. Dangote ti kọ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Senegal, sí Ethiopia, sí Zambia. Àwa náà ti di àjèjì lóko ẹlòmíràn. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan lè wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ wo omi. Mo fẹ́ kó bi wá dáadáa, torí ohun tí wọ́n bá fi dandan kọ́ wa lọ́hùn-ún, a lè gbé e bọ̀ wálé.

Ní Disẹ́ńbà 2023, Procter & Gamble, tí ẹ mọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Olúyọ̀lé, kéde pé òun ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òun á máa kó o wọlé ni. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní tèmi, kò yà mí lẹ́nu, mo ti rí i kí àjèjì tilẹ̀kùn. Òun ló mú mi rántí òyìnbó tó máa ń tún ẹ̀rọ omi wa ṣe. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò ní kí n wá wò ó. Ó kàn ní kí n gbé tọ́ọ̀ṣì fún òun. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó ń rí inú ẹ̀rọ bí ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń tún un ṣe, ojú kan ló ń wò. Ìwọ tí o gbé iná, gbogbo rẹ̀ lò ń wò. Mo ra ìwé kékeré kan ní Dùgbẹ̀, alaalẹ́ ni mo ń ya ohun tí mo rí sínú rẹ̀: ibi tí rọ́bà kan ti so mọ́ òmíràn, iye ìgbà tí ó yí bóòtù, àwọ̀ omi kí ó tó dé asẹ́ kejì àti lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí kọ́ńpìnnì kó ẹrù rẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù wá kó ẹ̀rọ. Ìwé kékeré ni mo gbé lọ. Pọ́ḿpù bọ́họ̀ àti ẹ̀rọ asẹ́mi àwọn tó ń ṣe píọ́ wọ́tà láti Ring Road dé Mọ́níyà ni mo fi ọgbọ́n inú rẹ̀ tún ṣe, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Torí náà, bí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ sólà, ẹ lọ. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, tí wọ́n ní kí ẹ pe ẹnì kan ní Èkó tàbí ní Ṣáínà, ẹ dúró tì í títí ó fi ṣí i.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kù. Àwọn ọmọ yẹn gbé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tuntun wọlé fún mi, wọ́n yọ bátìrì òjé méjì tí mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí. Ọmọ Àgbowó ní kí n tà á fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri, tí wọ́n ń ké "Kọ̀ǹdẹ́ḿ bátìrì dà?" Ó ní ìwọ̀n kílò ni wọ́n ń rà á, owó gidi ni wọ́n ń san. Mo ní, lẹ́yìn ìyẹn ń kọ́, ibo ló ń gbà lọ? Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí èyí tó mọ̀.

Mo sọ ti Olódó fún wọn, létí ìlú yìí, níbi tí wọ́n da ẹ̀gbin òjé láti ilé-iṣẹ́ bátìrì sí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì wọn ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n bá òjé rẹpẹtẹ. Mo sọ ti Ògijo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ní 2025, ìròyìn rẹ̀ kárí ayé: wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti aládùúgbò wò, wọ́n bá òjé nínú rẹ̀, òjé tí wọ́n yọ́ tán sì ń lọ sókè òkun láti di bátìrì mọ́tò fún àwọn ẹlòmíràn. Òjé tí àwọn olórìṣà ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ nílé wa náà ni. Bí iná bá yọ́ ọ tó di èéfín, kì í dá ọpọlọ ọmọdé sí.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀, màá bá yín wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe tọ́." Ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ lójú mi.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ṣì ń béèrè, pé ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀ ní kí òun lọ bá ẹlòmíràn. Bátìrì méjèèjì wà lẹ́yìn ilé, lórí pákó, mo fi páànù bò wọ́n kí òjò má bàa bá wọn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá láràárọ̀, wọ́n ń ké. Ìyàwó mi ní kí n tà á jàre.